Ọjọ́ tó kẹ́yìn ní Salvador: níbo ni kí a mú màmá wa lọ?

Arìnrìnàjò láti Ọ̀yọ́

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú Salvador ní Bàhíà, lórílẹ̀-èdè Bràsíl. Èmi, ìyàwó mi àti màmá mi wà níbẹ̀ báyìí, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ òfurufú wa máa gbéra, ojúmọ́ kan péré ló sì kù fún wa. A ti rìn ká Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, a ti wọ Elevador Lacerda, ẹ̀rọ tó ti ń gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ ìlú lọ sókè láti ọdún 1873, a sì ti wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀ ní etíkun Barra. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti dé ni màmá ti ń béèrè pé àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú wá síbí, níbo gan-an ni ipa wọn wà? N kò fẹ́ kí wọ́n padà sílé láìrí ìdáhùn. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún wọn kò sì gba òkè gígùn mọ́. Kí ni kí a fi ọjọ́ náà ṣe?

Olùkọ́ ní Bàhíà

Ẹ bá mi kí màmá. Nítorí pé ọjọ́ Ẹtì ni, ẹ wọ aṣọ funfun láàárọ̀, kí ẹ sì gba takisí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Nosso Senhor do Bonfim. Ọjọ́ Òrìṣàńlá, tí wọ́n ń pè ní Oxalá, ni ọjọ́ Ẹtì níbí, ọ̀pọ̀ ará ìlú ló sì máa ń wọ funfun, títí kan àwọn tí kì í bọ òrìṣà. Àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà tó ti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wá síbí jáde, so Olúwa Bonfim, ìyẹn Jésù, pọ̀ mọ́ Òrìṣàńlá, ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin Bàhíà fi ń ru omi olóòórùn dídùn wá fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì náà ní oṣù Kínní ọdọọdún. Ẹ máa rí ríbọ́ọ̀nù aláràbarà lọ súà lára irin ọgbà rẹ̀; kókó mẹ́ta ni wọ́n ń ta sí i, ẹ̀bẹ̀ kan fún kókó kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ yàrá tí wọ́n ti fi ìda mọ ẹsẹ̀, apá àti orí, tí wọ́n gbé e kọ́ sí àjà. Àwọn tó rí ìwòsàn ló fi wọ́n dúpẹ́. Takisí á gbé yín dé òkè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní São Paulo

Bonfim dára, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè màmá tán. Ibi tó dáhùn rẹ̀ jù, lójú tèmi, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Museu Afro-Brasileiro ní gbàgede Terreiro de Jesus, nínú ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àtijọ́. Carybé, ọmọ Ajẹntínà tó sọ Bàhíà di ilé, gbẹ́ àwọn òrìṣà sára pákó mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n síbẹ̀, pákó kọ̀ọ̀kan ga ju èèyàn lọ, olúkúlùkù òrìṣà pẹ̀lú ohun ìjà àti ẹranko rẹ̀. Màmá á dá Ṣàngó mọ̀ nípa oṣé rẹ̀, wọ́n á sì dá Ọ̀ṣun mọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ka orúkọ fún wọn. Ẹ dúró pẹ́ díẹ̀ níwájú Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Àwọn tó ń bọ ọ́ kò pọ̀ mọ́ nílé, ṣùgbọ́n ọba Kétu ni wọ́n ń pè é ní Bàhíà, orúkọ Kétu náà sì ni ẹ̀yà Candomblé tó gbilẹ̀ jù níbẹ̀ ń jẹ́. Bí ẹ bá ń kúrò, ẹ ní kí awakọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ adágún Dique do Tororó, kí màmá lè wo ère òrìṣà tí Tati Moreno, oníṣẹ́ ọnà, gbé dúró sójú omi láìsọ̀kalẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí pé wọ́n ṣí ilé náà lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ Kétu

Ibi méjì ti tó fún àgbàlagbà lójúmọ́ kan. Bí ó bá jẹ́ èmi, màá fi Bonfim sílẹ̀, màá mú wọn dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn, lẹ́yìn náà màá mú wọn lọ sí Ilê Axé Opô Afonjá ní São Gonçalo do Retiro, ilé Ṣàngó tí Mãe Aninha, ìyálórìṣà kan, dá sílẹ̀ ní ọdún 1910. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan wà nínú ọgbà rẹ̀, Ilê Ohun Lailai. Ilé ìsìn ni, àwọn èèyàn sì ń gbé inú rẹ̀, nítorí náà ẹ ránṣẹ́ ṣáájú, ẹ wọ aṣọ tó bo ara, ẹ kí àgbà kí ẹ tó wo ohunkóhun, ẹ má sì ya fọ́tò láìgba àṣẹ. Wọn kì í fi Yorùbá ṣe ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, inú orin àti ìwúre ló wà. Bí màmá bá mọ orin Ṣàngó kan, kí wọ́n dá a, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí ẹni gbè é.

Ẹ ra àkàrà lọ́wọ́ obìnrin aláṣọ funfun kan lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ wọn wà lára ogún tí ìjọba Bràsíl kọ sílẹ̀ ní ọdún 2005. Ẹ̀wà tí wọ́n bó ni, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń là á sí méjì, wọ́n á sì fi vatapá (ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé àti epo pupa sè), ọbẹ̀ ilá àti edé sí i nínú. Ẹ ní kí ó rọra fi ata sí ti màmá. Pápákọ̀ òfurufú jìnnà sí àárín ìlú, ọ̀nà sì máa ń dí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Reluwé inú ìlú, tí wọ́n ń pè ní metrô, dé ìtòsí ibẹ̀, bọ́ọ̀sì á sì gbé èèyàn parí rẹ̀, àmọ́ pẹ̀lú àgbàlagbà àti ẹrù, takisí ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì ti wà lọ́nà kí agogo mẹ́rin tó lù.