Ṣé kí n gbé iṣẹ́ lọ Ìlọrin kí n tó bímọ ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ilé-ìwé girama ìjọba kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ́ni, ọdún kẹfà rèé. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ ọkọ mi lọ sí Ìlọrin, oyún oṣù márùn-ún sì wà nínú mi. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ́ ni mo ń wọ mọ́tò ní Tákìé, tí mo ń fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú bí awakọ̀ bá kó sí kòtò. Ó ti sú mi.

Lálẹ́ àná, mo tẹ́ ìwé owó oṣù mi àti ti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní Kwara sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìpele kan náà ni wá. Tèmi ju tirẹ̀ lọ, kò sì yà mí lẹ́nu: ₦80,000 ni Ọ̀yọ́ fi owó oṣù tó kéré jù sí, Kwara sì fi tiwọn sí ₦70,000 ní 2024. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà, owó ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìyàtọ̀ náà tán.

Ìsinmi ìbímọ ló ń kó mi láyà sókè. Mo kà á nínú òfin iṣẹ́ pé ọ̀sẹ̀ 12 ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lo oṣù 6 lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ ni owó rẹ̀ dájú. Mo bi ọ̀gá ilé-ìwé wa, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé iṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn rí, ṣé wọ́n ka ọdún tí ẹ ti lò mọ́ ọn nígbà tí ẹ béèrè ìsinmi ìbímọ?

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ o.