Ta ló ti lọ wo ẹranko ní Serengeti lásìkò òjò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ìyá mi fẹ́ lọ wo ẹranko igbó ní Serengeti, ọgbà ẹranko ńlá kan ní Tanzania, àmọ́ ìparí oṣù kẹrin ni ìsinmi mi bọ́ sí, nígbà tí òjò ńlá wọn, èyí tó máa ń rọ̀ láti oṣù kẹta títí di oṣù karùn-ún, ṣì wà lójú ọ̀run. Owó ibùwọ̀ máa ń wálẹ̀ nígbà yẹn, èrò kì í sì í pọ̀. Ìyẹn wù mí gan-an. Ọ̀nà ló ń kọ mí lóminú. Ilẹ̀ dúdú apá Ndutu, ní gúúsù Serengeti, máa ń di ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ ń rì sí, ìyá mi sì ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ rí, ṣé ọ̀nà Seronera, ní àárín gbùngbùn Serengeti, ṣeé gbà lásìkò òjò? Erin ni màmá fẹ́ rí jù, wọ́n sì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni erin máa ń pọ̀ létí odò Tarangire, nínú ọgbà ẹranko mìíràn ní Tanzania. Ṣé a lè rí wọn ní Ngorongoro, ibi ààbò ẹranko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Serengeti, lóṣù kẹrin? Àbí kí n kúkú bẹ ọ̀gá mi kó sún ìsinmi náà sí oṣù keje, ká san owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.