Kọ́là ọrùn Àbẹ̀kẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń sin ológbò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Oṣù Máàṣì tí ooru Ìlọrin mú gan-an ni wọ́n yọ ilé-ọmọ Àbẹ̀kẹ́, ológbò mi. Dókítà ẹranko fi kọ́là ike sí i lọ́rùn, èyí tó rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo, kó má bàa lá ojú abẹ. Ó ní kó má kúrò níbẹ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14. Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n nígbà tá a délé ní Táńkẹ̀, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn, ó ń kọlu ilẹ̀kùn, kò rí oúnjẹ jẹ, ó kàn tẹjú mọ́ mi. Àánú ṣe mí. Lóru ọjọ́ kejì, mo bọ́ kọ́là náà kó lè sinmi díẹ̀. Kí n tó dìde kí ìrun àsùbáà, ó ti lá ojú abẹ débi pé òwú méjì já. Ahọ́n ológbò rí bí ewé ìpín, ẹ mọ̀ ọ́n. Omijé bọ́ lójú mi bí mo ṣe gbé e padà lọ. Wọ́n tún un rán.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé kọ́là yẹn kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀ rárá. Ó gùn kọjá imú rẹ̀ tó ìka mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ kò fi kan abọ́. Díẹ̀ báyìí ló yẹ kó fi kọjá ṣóńṣó imú. Lọ́rùn, kí ìka méjì lè rọra wọlé: tó bá fún jù, á máa há a lọ́fun, tó bá dẹ̀ jù, á fi ẹsẹ̀ iwájú tì í bọ́, tàbí kí ẹsẹ̀ há sí i.

Mo fi okùn wọn ọrùn rẹ̀, mo gbé ìwọ̀n náà lọ bá télọ̀ mi nítòsí Ọjà Ọba kó bá mi rán kọ́là aṣọ. Èyí tí a kọ́kọ́ fi aṣọ òwú rán rọ̀ jù. Àbẹ̀kẹ́ fara tì í, ó ká, ẹnu rẹ̀ dé ikùn. Télọ̀ wá fi gum stay, aṣọ tó ń mú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì le, ìpele méjì sínú rẹ̀. Méjì ni a rán, kí n lè máa fọ ọ̀kan. Mo dojú abọ́ kan délẹ̀, mo gbé ọmọrí ike kékeré tó tẹ́ lé e, mo bu oúnjẹ rẹ̀ síbẹ̀. Ó jẹ ẹja ṣáwá tán lọ́jọ́ yẹn! Àmọ́ aṣọ ń dí i lójú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ike kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà mi ò jẹ́ yọ sí i láìpè é lórúkọ.

*Láti Ọ̀fà:* Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìtọ́jú. Akọ la tẹ̀ lọ́dàá ní tiwa. Àbúrò mi ra kọ́là tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, tó rí bí táyà kékeré. Ó ń sùn lé e bí ìrọ̀rí, inú wa dùn. Àṣé ẹ̀yìn ológbò rọ̀ ju bí a ṣe rò lọ: ó ká ara rẹ̀ kò, ó lá ibẹ̀, ojú abẹ wú. A dá a padà sí ike, kékeré tó bá a mu.

*Láti Òmù-Àrán:* Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ ọmọ jòjòló ni mo gé fún tèmi, mo lu ihò ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ti ìrù. Ikùn nìkan ló ń bò, kò wúlò fún egbò orí tàbí ẹsẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ tutù. Ẹ jọ̀wọ́, bó bá ń ké nítorí ìrora, ẹ má fún un ní parasitámọ́ọ̀lù. Májèlé ni fún ológbò, kódà díẹ̀ lè pa á. Dókítà ni kẹ́ ẹ pè.

*Ìyá Àbẹ̀kẹ́:* Ẹ ṣeun, mi ò mọ ti parasitámọ́ọ̀lù yẹn tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kẹtàlá tí wọ́n tún un rán ni wọ́n yọ òwú. Èmi fúnra mi ni mo tú okùn kọ́là. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó sì fi bíi wákàtí kan lá irun ẹ̀yìn rẹ̀.