Bíà wo ló dùn mọ́ yín jù níbi tí iṣẹ́ gbé yín dé?

Aláàárù-Òkun: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ ń gbé kiri ayé, ẹ̀yin atukọ̀, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ẹnjiníà, bíà wo lẹ mu lókèèrè tó jẹ́ pé bí ẹ bá rántí ẹ̀, ọ̀fun yín á gbẹ? Mi ò bèèrè èyí tó lókìkí jù o. Èyí tí ẹ fi ẹnu ara yín tọ́ wò ni.

Tèmi ni Tsingtao, ní Qingdao ní Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n gan-an. Ọkọ̀ wa gúnlẹ̀ láti já ẹrù, mo bọ́ sígboro, mo wá rí bàbá àgbàlagbà kan tó fi ìka kan ṣoṣo gbé ọ̀rá tó mọ́ gaara, omi pupa rúsúrúsú ń hó nínú ẹ̀. Mo rò pé epo ni. Àṣé bíà ni! Inú àgbá ni wọ́n ti ń fà á, wọ́n á gbé ọ̀rá sórí òṣùwọ̀n bí ìgbà tí wọ́n ń wọn ẹran, wọ́n á ta á ní kókó, ó di ilé. Mo ra tèmi, mo jókòó sétí òkun, mo ti sítúrọ́ọ̀ bọ̀ ọ́. Èyí tó wà nínú ìgò kò sún mọ́ ọn rárá.

Jẹ́jẹ́láyé: Bíà nínú ọ̀rá? Tó bá jò ńkọ́?

Aláàárù-Òkun: Ta ló máa jẹ́ kó pẹ́ débẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ jẹ́ n sọ ti Köln, ní Jámánì. Kölsch ni wọ́n ń mu níbẹ̀. Ife rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, 0.2 lítà péré ló ń gbà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní ṣé wọ́n fẹ́ kí n tọ́ ọ wò ni àbí kí n mu ún? Mi ò mọ̀ pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Agbọ́tí wọn, Köbes ni wọ́n ń pè é, máa ń gbé àwo roboto kan kiri tó ní ihò tí wọ́n ń ti ife bọ̀. Bó o bá ṣe ń mu ọ̀kan tán, kò ní bi ọ́ ní nǹkankan. Á gbé òfìfo kúrò, á gbé èyí tó kún kalẹ̀, á fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà kan sára páálí tó wà lábẹ́ ife. Àfi tó o bá gbé páálí yẹn bo ẹnu ife lo tó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwa nọ́ọ̀sì tuntun ò mọ ìyẹn. Ó rò pé wọ́n ń ṣe òun lálejò ni. Ó ń dúpẹ́, ó ń mu. Ó ń dúpẹ́, ó ń mu. Ìgbà tó máa gbé ife sókè wo páálí, ìlà ti yí i po.

Ọmọ Arìnká: "Ó ń dúpẹ́, ó ń mu" 😂😂😂 Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo wà o, gbogbo èèyàn ń wò mí.

Kò-Dá-Mi-Lójú: Àǹtí, "ọ̀kan nínú àwa" àbí ẹ̀yin gan-an?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Mi ò dá yín lóhùn.

Bàbá Ẹnjiníà: Köln lẹ mọ̀. Ẹ dé Düsseldorf tí kò jìnnà síbẹ̀ rárá, kẹ́ ẹ wá pe Kölsch, ẹ ó rí ojú. Altbier ni tiwọn, ó dúdú ju Kölsch lọ, ó sì ń korò. Mo ti bá wọn ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìlú méjèèjì, bí wọ́n ṣe ń bú ọtí ara wọn kì í tán. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń pọn méjèèjì: ìwúkàrà tó fẹ́ràn ìlọ́wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n ń lò, lẹ́yìn náà wọ́n á tọ́jú ọtí náà sínú òtútù. Ọkà tí wọ́n yan ló fa àwọ̀ tó yàtọ̀. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ níbẹ̀ o.

Ògbufọ̀: Ẹni tó bá ń bínú sí ìhó orí bíà, kò tíì dé Prague ní orílẹ̀-èdè Czech nìyẹn. Mo gbọ́ ìpàdé kan yanjú níbẹ̀, mo túmọ̀ láti àárọ̀ títí ojú fi pọ́n mi. Nígbà tá a dé ilé ọtí, agbọ́tí ní irú ìfàbíà wo ni mo fẹ́. Láti inú àgbá kan náà o! Hladinka, èyí tó ní ìhó níwọ̀nba. Šnyt, èyí tí ìhó rẹ̀ pọ̀. Mlíko, ife ìhó látòkèdélẹ̀, tó o gbọ́dọ̀ gbé mì kíákíá kó tó di omi. Mo gba mlíko kí n lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tutù, ó rọ̀, adùn ọkà wà níbẹ̀, kò korò rárá. Mo tún gba òmíràn.

Kò-Dá-Mi-Lójú: Ìhó kì í ṣe ọtí. Ẹ fowó ra afẹ́fẹ́.

Ògbufọ̀: Ẹ̀gbọ́n, ọtí ló di ìhó yẹn. Ẹ jẹ́ kó jókòó díẹ̀, ẹ ó rí ohun tó máa ṣẹ́kù.

Tókíò-Lèmí: Mo wà lẹ́yìn Ògbufọ̀. Ní Jàpáánù, tá a bá pín ife sí mẹ́wàá, méje ọtí, mẹ́ta ìhó ni wọ́n gbà pé ó pé. Ìhó ló ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ kó má ba ọtí jẹ́. Ohun tó sì wù mí jù níbẹ̀ ni pé o kì í rọ bíà fún ara rẹ. Ọ̀gá rọ fún mi, mo di ife mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, èmi náà rọ tiẹ̀.

Kò-Dá-Mi-Lójú: Tí ẹni tó jókòó tì ọ́ bá wá láhun ńkọ́? Òùngbẹ á pa ọ́.

Tókíò-Lèmí: Ó kúkú rọrùn. Rọ tiẹ̀ kún, ojú á tì í.

Awakọ̀-Tírélà: Lọ́jọ́ tí mi ò bá wakọ̀, tó bá ti jẹ́ Ìlú Ọba ni mo wà, bíà inú àgbá tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà sókè láti àjà ilẹ̀ ni tèmi. Ìwúkàrà inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ nínú àgbá. Àwọn èèyàn ń pè é ní bíà gbígbóná. Irọ́ ni! Ìwọ̀n 11 sí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló máa ń wà. Òtútù tó pọ̀ ju ìyẹn lọ ló ń pa ahọ́n lára tí ẹ ò fi mọ ohun tí ẹ ń mu.

Jẹ́jẹ́láyé: Bíà tí kò bá mú eyín ta mí, kí n kúkú mu tíì.

Ọmọ Arìnká: Ẹ fi Awakọ̀ sílẹ̀ jàre. Ní Kẹ́ńyà, bó o bá pe Tusker, agbọ́tí á bi ọ́ bóyá èyí tó tutù lo fẹ́ àbí èyí tí kò wọ fíríìjì. Àwọn àgbà ibẹ̀ ń gba èyí tí kò wọ̀ ọ́, ọkàn wọn balẹ̀. Ẹ mọ̀ pé erin ló wà lára ìgò yẹn? Ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé ìpọntí náà sílẹ̀ lọ́dún 1922 lọ ṣọdẹ, erin pa á, wọ́n wá fi erin sọ ọtí lórúkọ.

Jẹ́jẹ́láyé: Ẹranko tó pa ọ̀rẹ́ yín, ẹ wá ń ya àwòrán ẹ̀ sára ìgò?

Òjò-Aṣálẹ̀: Ẹ̀yin ń jà lórí tútù àti gbígbóná. Sáúdí ni mo wà. Gbogbo ọtí ni èèwọ̀ níbi iṣẹ́ wa, bíà tí kò ní agbára ọtí kankan ni à ń mu. Tí ọkọ̀ òfuurufú bá ti gbé mi jáde fún ìsinmi, èyí tí mo bá kọ́kọ́ rí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ má bi mí lórúkọ ẹ̀.

Mumi-Mumi: Èmi ò mutí, ẹ̀sìn mi ò gbà á, àmọ́ mo fẹ́ràn adùn ọkà. Jámánì ló gbà mí. Oríṣiríṣi bíà tí kò ní agbára ọtí ló wà níbẹ̀, ó dùn dáadáa.

Bàbá Ẹnjiníà: Arábìnrin, ẹ máa ka ara ìgò o. Èyí tí wọ́n kọ "alkoholfrei" (kò ní ọtí) sí lè ní agbára ọtí tó 0.5%. Òfin wọn gbà á. Èyí tí wọ́n kọ 0,0 sí ni kẹ́ ẹ mú.

Mumi-Mumi: Haaa. Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ń lọ wo fíríìjì mi báyìí.

Ọ̀gá-Apẹja: Ní Áísìlándì, wọ́n fòfin de bíà títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1989. Wáìnì àti ọtí líle, wọ́n ń tà á. Bíà nìkan.

Kò-Dá-Mi-Lójú: Ọtí líle kò ṣe wọ́n ní nǹkan, bíà ló fẹ́ ba ìlú jẹ́. Ó dáa.

Agbẹ́-Kànga: Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, ìgò àti ife náà ni. Èmi ń gbẹ́ kànga ní ìlà-oòrùn Ùgáńdà, lọ́dọ̀ àwọn Teso. Ajon ni ọtí wọn, jéró ni wọ́n fi ń pọn ọ́n. Wọ́n á gbé ìkòkò kan sáàárín, àwọn àgbààgbà á jókòó yí i ká, kálukú á ti ọ̀pá oníhò bọ̀ ọ́. Ọ̀pá náà gùn débi pé o lè fẹ̀yìn ti àga rẹ kó o máa fà á. Asẹ́ kékeré kan wà ní ìdí ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ìyàngbò gbà á wá sẹ́nu. Bí ọtí bá ti ń lọ sílẹ̀, wọ́n á bu omi gbígbóná lé e. Omi gbígbóná, nínú oòrùn yẹn! Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ tú jáde nínú kànga tá a gbẹ́, wọ́n fún mi lọ́pá. Ó kan lẹ́nu díẹ̀, ó gbóná, a sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, ọ̀rọ̀ ìyàwó, ọ̀rọ̀ màlúù, ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ẹnì kankan ò kánjú. Mi ò tíì rí bíà tó tó o.

Jẹ́jẹ́láyé: Ọ̀pá kan náà lẹ jọ ń fà?

Agbẹ́-Kànga: Ọ̀tọ̀ ni tèmi. Mi ò wo tàwọn yòókù.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ má wò ó 😂

Kingston-Boy: Kí ló dé tẹ́nì kan ò tíì pe Guinness? Mo dé Dublin, níbi tí Arthur Guinness ti háyà ilẹ̀ fún 9,000 ọdún lọ́dún 1759. Agbọ́tí bù ú kọjá ìdajì, ó gbé e kalẹ̀, ó yíjú sí ẹlòmíràn. Mo ń wo ife náà: funfun ń sọ̀ kalẹ̀ létí ife, dúdú ń gùn bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó padà wá kún un. Ó rọ̀, ó dùn. Ṣùgbọ́n 4.2% péré ni! Foreign Extra Stout tí mo ń mu ní Jàmáíkà, 7.5% ni. Ti Dublin ń kí ọ, ti Jàmáíkà ń gbá ọ létí.

Olùkọ́ Àgbà: Ẹ̀yin ń ka 7.5. Westvleteren 12 táwọn mọ́ǹkì (ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì) ń pọn ní Bẹ́ljíọ̀m, 10.2% ni. Ìgò tí wọ́n fún mi ò ní lébẹ́ẹ̀lì kankan. Mo mu ún tán, mo pe ìyàwó mi lórí fóònù, mo tọrọ àforíjì ohun tí mi ò ṣe.

Ọmọ Arìnká: Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti ṣe é o.

Adelaide-Ló-Gbàmí: Àwa tá a wà ní Ọsirélíà, ìwọ̀n ife gan-an ni wàhálà wa. Ní Sydney, schooner jẹ́ 425 mílílítà. Ní Adelaide níbí, schooner jẹ́ 285, "páìǹtì" ni wọ́n ń pe 425.

Kò-Dá-Mi-Lójú: Orílẹ̀-èdè kan náà? Irọ́.

Adelaide-Ló-Gbàmí: Ẹ wá kẹ́ ẹ wá pe schooner, kẹ́ ẹ rí ohun tí wọ́n máa gbé wá.

Kò-Dá-Mi-Lójú: Ta ló máa sanwó ọkọ̀?

Awakọ̀-Tírélà: Ẹ dúró ná, ní Ìlú Ọba, páìǹtì jẹ́ 568. Ta ló gbé 143 yòókù mu?