Èsì: “Àgbàṣáájú” wo lẹ tún gbé dé yìí?

Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo ilé.

Ẹ jọ̀wọ́, ta ló bí “àgbàṣáájú”? Nínú àtòjọ ọ̀rọ̀ géèmù tó wọlé sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní òun ni ká máa pe dátà tí fóònù bá ti dáńlóòdù kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mo kà á sókè nílé, ìyàwó mi ní àgbà wo ló ṣáájú. Mo rí àlàyé ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀: à-, gbà, ṣáájú. Àfòmọ́ rẹ̀ pé, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n etí kì í ka àfòmọ́. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ ni etí ń kọ́kọ́ mú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, a gbọ́. Ṣé ẹ tún fẹ́ kó máa gbé inú fóònù ni?

Ìyẹn gan-an kọ́ ló bí mi nínú jù. “Ṣáájú” yẹn ni. Ẹni tó yàn án kò wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ.

Ẹ rántí HQ Trivia, géèmù ìbéèrè orí fóònù tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2017. Atọ́kùn á yọ lójú fóònù, ìbéèrè 12, ìṣẹ́jú-àáyá 10 fún ìkọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ṣì í, tirẹ̀ ti parí. Nígbà tó fi di 2018, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 2 lórí eré kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, olórin Amẹ́ríkà náà, Travis Scott, kọrin nínú géèmù Fortnite, àwọn tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sì lé ní mílíọ̀nù 12. (Àwọn baba wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Géèmù tó ń bi èèyàn ní ìbéèrè, tó sì ń retí ìdáhùn lójú ẹsẹ̀, asọ̀rọ̀gbèsì ni. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ọ̀fẹ́ ni. “Eré ààyè” tí àtòjọ yẹn pe irú géèmù bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.)

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní fóònù mílíọ̀nù 2 fẹ́ ṣeré, tí àwòrán, ohùn àti fídíò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nílò jẹ́ MB 50. Mílíọ̀nù 100 MB nìyẹn. Bí gbogbo wọn bá dúró di ìgbà tí atọ́kùn ń kí wọn káàbọ̀, tí wọ́n sì fẹ́ gba tiwọn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10, mílíọ̀nù 10 MB ni sáfà, ẹ̀rọ tó ń pín dátà fún gbogbo fóònù, gbọ́dọ̀ máa tú jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Á dákú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí gbogbo àdúgbò jọ ń lò náà á há. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù tó wúwo ránṣẹ́ ní wákàtí mélòó kan sí ìgbà eré, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí gbogbo fóònù bèèrè pa pọ̀. Fóònù kọ̀ọ̀kan á ṣẹ́ kèké àkókò tirẹ̀. Èyí tí kò bá rí gbà á sinmi díẹ̀ kó tó tún bèèrè. Bó bá tún kùnà, ìsinmi rẹ̀ á gùn sí i, kèké náà ni wọ́n á sì fi pín in, kí àwọn tó kùnà má baà tún jọ ya lu sáfà. Ohun tó bá ti wà lórí fóònù látìgbà tó ti pẹ́, wọn kì í tún un fi ránṣẹ́, èyí tó yí padà nìkan ni, torí ẹni tó ni fóònù ló ń ra dátà.

Nígbà tí dátà náà bá wá dé orí fóònù, kí ló ń ṣe? Ó jókòó. Wọ́n ti tì í pa, kí ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan má baà tú u wò kó ti mọ ìbéèrè kẹjọ ṣáájú ìkíní. Nígbà tí àkókò bá tó, ọ̀rọ̀ bíńtín ni sáfà ń sọ: nọ́ńbà ìbéèrè, kọ́kọ́rọ́ tó máa ṣí i, aago. Ìwọ̀nyẹn kéré débi pé wọ́n lè kan gbogbo èèyàn lójú ẹsẹ̀.

Níbo ni “ṣáájú” wà nínú ìyẹn? “Dè” ni Yorùbá ń pe irú ìdúró yẹn. Dúró dè mí. Lúgọ dè é. Ìyá mi àgbà, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, tí wọ́n bá ń lọ sí ọjà Akẹ́sán, wọ́n á ní, “Ẹ bu tèmi sílẹ̀ dè mí o.” Wọn ò ní “ẹ bù ú ṣáájú mi”, ẹni tó bá bù ú ṣáájú wọn ti jẹ ẹ́ nìyẹn.

Torí náà, ìgbàsílẹ̀dè ni mo dábàá: ohun tí a gbà sílẹ̀ de eré. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí dè yìí. Ẹni tó fi ohùn òkè kọ ọ́ ní “ìgbàsílẹ̀dé” lánàá, dátà tiẹ̀ ti dé, ó ti parí. Èyí tó sì ní ohùn àárín lòun mọ̀ torí “dúró de ọkọ̀”, kó lọ wo bí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ ṣe máa ń di olóhùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Awóbùlúyì àti Bámgbóṣé, àwọn onímọ̀ gírámà Yorùbá, ti bá wa yanjú ìyẹn tipẹ́.

Ìgbàsílẹ̀dè ni tèmi. Ẹ fọ́ ọ bí ẹ bá lè fọ́ ọ.

Ará Ọ̀yọ́

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èmi ni mo bí àgbàṣáájú, mi ò sì ní kọ ọmọ mi.

Ẹ ní etí ń kọ́kọ́ mú ohun tó wà nílé. Ó dáa. “Ìgbà” náà ti wà nílé, sà. “Gbà mí sílẹ̀” náà wà níbẹ̀, a ń ké e ní ṣọ́ọ̀ṣì lálaalẹ́. Dè tún wá ni wọ́n fi ń so ewúrẹ́. Ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí wọ́n tún dè, irú ìdáǹdè wo nìyẹn? Èmi náà jókòó níwájú àwọn tó mọ Yorùbá ní Ifẹ̀, sà. Ẹ má fi ìyá àgbà borí wa.

Àbúrò yín ní London

—

Àbúrò, o ṣeun. Dè tó ń so ewúrẹ́ gan-an ló bá a mu: ṣebí mo ní wọ́n tì í pa? Àdììtú ni títí kọ́kọ́rọ́ fi máa dé. Ìwọ lo bá mi ṣàlàyé rẹ̀.

Ará Ọ̀yọ́

—

Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí ìrù, ẹ fi orí sílẹ̀. Gbà ló ń fa ìjọ̀ngbọ̀n. Àgbà, ìgbà, ìgbàlà, ibi tẹ́ ẹ bá fi í sí ló ti máa bá ọ̀rọ̀ mìíràn pàdé. Ohun tó pọ̀, a kì í gbé e, kíkó la máa ń kó o, ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì kìíní mọ ìyẹn. Ìkósílẹ̀dè. Ó tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń yin asọ̀rọ̀mágbèsì, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ rédíò báyìí ṣá? Látàárọ̀ ni àwọn èèyàn ń tẹ̀ wọ́n láago, tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jiyàn. Ó ti ń gbèsì.

Ìyá Olùkọ́, Abẹ́òkúta

—

Mà, ẹ ṣé. Mo ti fi ìkósílẹ̀dè àti ìgbàsílẹ̀dè síbẹ̀ méjèèjì. Àgbàṣáájú, mo ti yọ ọ́ kúrò nínú àtòjọ.

Ará Ọ̀yọ́

—

Ta ló ní kẹ́ ẹ yọ ọ́, sà?