Ẹrù wa ní abẹ́ àgádágodo onílé: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Aránṣọ, Ṣómólú:

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará wa. Owó ṣọ́ọ̀bù ọdọọdún ni mo ń san. Nígbà tí ọdún yípo, apá kan owó náà ni mo rí san, mo sì gba rìsíìtì rẹ̀. Bàbá onílé kò fún mi ní ìwé ìkìlọ̀ kankan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá àgádágodo mìíràn lórí tèmi, wọ́n sì ní n kò ní í wọlé àyàfi bí mo bá kó owó tó kù wá. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi àti jẹnẹrétọ̀ mi wà nínú ibẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù ni àwọn aṣọ tí kì í ṣe tèmi: léèsì àwọn oníbàárà, àti aṣọ òkè ìyàwó kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí ni ìyàwó yẹn jẹ bàbá onílé?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kí n pe wẹ́dà kí ó wá gé àgádágodo náà. N kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá di ìjà, ẹni tó gé nǹkan ni ọlọ́pàá máa ń kọ́kọ́ mú. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ lọ́yà ló ka Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sí mi létí. Òfin náà sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ayálégbé, kò sì gbọdọ̀ dí i lọ́nà láti dé ibi tí ẹrù rẹ̀ wà. Abala 44 fi kún un pé ẹni tó bá fi ipá lé ayálégbé jáde, tàbí tó halẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè kó jáde, lè san owó ìtanràn tó tó ₦250,000 tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Òfin yìí kan ilé gbígbé, ó kan ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. (Ìdí tí wọ́n fi yọ àdúgbò àwọn olówó sílẹ̀ kò yé mi títí di òní.)

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Citizens' Mediation Centre, ibi ìlàjà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, níbi tí wọn kì í ti í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ̀wé pe bàbá, ó sì wá. N kò jiyàn pé mo jẹ gbèsè. Obìnrin tó jókòó láti là wá níjà ya ọ̀rọ̀ sí méjì: gbèsè lọ́tọ̀, ẹrù lọ́tọ̀. Ó wá bi bàbá bóyá ó ṣe tán láti dá àwọn tó ni aṣọ lóhùn níkọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá pè é lẹ́jọ́. Ibẹ̀ ni ohùn bàbá ti rọlẹ̀. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, a jọ ka ẹrù, a kọ ọ́ sílẹ̀, àwa méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Òjò ti gba orí páànù wọlé ba aṣọ kan jẹ́, nítorí náà a yọ owó rẹ̀ kúrò nínú gbèsè mi, mo sì san ìyókù díẹ̀díẹ̀.

Onílé, Agége:

Aránṣọ wa, ẹ kú orí ire. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí onílé náà sọ tirẹ̀. Ayálégbé kan jẹ mí lówó, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ rìnrìn àjò. Mo fẹ́ já ilẹ̀kùn náà, ṣùgbọ́n lọ́yà mi kò gbà. Ó sọ fún mi pé ní ọdún 1986, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ bá ìjọba ológun Èkó wí nítorí pé wọ́n fi ipá lé Ojukwu, ẹni tó ṣe olórí Biafra nígbà ogun abẹ́lé, jáde nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Bí ìjọba ológun kò bá mú un jẹ, ta ni èmi ní Agége?

Nítorí pé àdéhùn wa ní ọjọ́ ìparí, tí ọjọ́ náà sì ti kọjá, ìwé ìkìlọ̀ ọjọ́ méje nìkan ni òfin béèrè lọ́wọ́ mi, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń gbé lọ́dọọdún láìní ọjọ́ ìparí ni a ní láti kọ́kọ́ fún ní oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni a wá ń lọ, tí a ń bọ̀ ní kóòtù Májísíréètì, tí wọ́n ń sún ẹjọ́ síwájú títí ó fi sú mi. Àwọn akódà kóòtù ló já ilẹ̀kùn níkẹyìn, wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹni tó bá fẹ́ kí onílé yé fi àgádágodo gba owó, kí ó bá wa sọ fún ìjọba kí ẹjọ́ yìí máa yára.

Olùkọ́, Ìbàdàn:

Tẹlifíṣọ̀n mi ni ìyá onílé tèmi gbé lọ, ó ní òun fi ṣe ìdógò owó oṣù, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń dógò ti onígbèsè láyé àtijọ́. Ó tún pe ọlọ́pàá kí wọ́n wá mú mi. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó bójú tó ọ̀rọ̀ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀: ó sọ fún un pé Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò fàyè gba kí a mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán, àti pé kí wọ́n dá ẹrù olùkọ́ padà. Tẹlifíṣọ̀n náà padà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Rìmóòtù rẹ̀ ni n kò rí gbà títí mo fi kó kúrò níbẹ̀.