Àwìn àǹkárá àbí tíì aforúkọsílẹ̀?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àǹkárá ni mò ń gbé kiri ilé àti ọ́fíìsì ní Iléṣà níbí, àwìn ló sì pọ̀ jù. Bàbá bàbá mi ṣe òṣómàáàló: á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Èmi ò lè lóṣòó o! Ìyá kan jẹ mí ní ₦18,000 láti oṣù mẹ́ta, "padà wá lọ́la" ṣáá ni.

Ọ̀rẹ́ mi wá ní kí n fi ₦60,000 forúkọ sílẹ̀ láti máa ta tíì. Mo bi í pé èló lèrè orí páálí kan, ó ní kí n ṣáà mú èèyàn méjì wá. Ìyẹn ló ń kọ mí lóminú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ ń ra tíì náà? Àbí kí n kúkú fi owó yẹn kún ọjà mi?